Bàálù Gold àti bàálù Black: bí Wichita State ṣe pàdánù tíìmù wọn ní 1970

Tẹ́ ẹ bá ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà dárúkọ tíìmù fásitì tó bá jàǹbá bàálù lọ, Marshall lẹnu wọn máa kọ́kọ́ lọ. Kò burú, èèyàn 75 ló wà nínú bàálù yẹn ní 14 Oṣù Kọkànlá 1970, ẹyọ ẹnì kan ò yè é. Àmọ́ ọjọ́ 43 péré ṣáájú ìyẹn, tíìmù míì ti kọ́kọ́ lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rántí mọ́, Wichita State ni, láti ìpínlẹ̀ Kansas. Tiwọn ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí ohun kan wà níbẹ̀ tí ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti kà á: bàálù méjì ni wọ́n wọ̀. Tíìmù kan náà o, àárọ̀ kan náà, ibì kan náà ni wọ́n ń lọ, ọ̀kan dé, ọ̀kan ò dé.

Fúbọ́ọ̀lù tí mo ń sọ yìí kì í ṣe irú tiwa, ti Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n máa ń dé akoto, tí wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin mọ́yà tí wọ́n á sì máa kan ara wọn bí àgbò. Shockers ni wọ́n ń pe tíìmù Wichita State, ọ̀rọ̀ oko lorúkọ yẹn sì ti wá, láyé àtijọ́ àwọn ọmọ iléèwé náà máa ń lọ bá àwọn àgbẹ̀ di àlìkámà ní ìtí-ìtí kí wọ́n lè rówó ná. Lọ́dún 1970 nǹkan ò fi bẹ́ẹ̀ dáa fún wọn, wọ́n ti gbá mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n pàdánù. Èyí tó kàn ni Utah State, ní Sátidé 3 Oṣù Kẹwàá, ìlú Logan ní ìpínlẹ̀ Utah. Ó jìnnà díẹ̀, àwọn òkè Rocky ló sì wà láàárín, àwọn òkè tó jẹ́ pé èyí tó ga níbẹ̀ lè ga tó 13,000, 14,000 ẹsẹ̀ bàtà.

Bàálù ńlá kan, DC-6, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ní àwọn máa háyà, gbogbo wọn ì bá jọ wà nínú ẹ̀. Ìjì bá bàálù yẹn jẹ́ níbi tó wà nílẹ̀. Ni àwọn tó fẹ́ kó wọn bá ní kò sí wàhálà, àwọn á fi Martin 404 méjì dípò, bàálù kékeré ni, fáànù ńlá méjì ló ń yí lápá ẹ̀, ayé ìgbà 1950 ni wọ́n ṣe é. Bí wọ́n ṣe pín tíìmù sí méjì nìyẹn. Dúdú àti góòlù làwọ̀ iléèwé náà, wọ́n bá pe bàálù kan ní Gold, wọ́n pe ìkejì ní Black.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe pín èèyàn. Àwọn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ géèmù, àwọn ìràwọ̀ wọn, inú Gold ni wọ́n fi wọ́n sí. Kóòṣì àgbà, Ben Wilson, àti ìyàwó ẹ̀, inú Gold. Bert Katzenmeyer tó jẹ́ ọ̀gá eré ìdárayá fún gbogbo fásitì náà, òun àti ìyàwó ẹ̀, inú Gold. Àwọn alátìlẹyìn tó ń fowó ran tíìmù lọ́wọ́, inú Gold. Àwọn tó máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì àtàwọn kóòṣì kéékèèké ni wọ́n kó sínú Black. Ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù rí níléèwé mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń dunni, kí wọ́n pe orúkọ àwọn fáàsì tíìmù kí tìẹ ò sí níbẹ̀, o ò ní fẹ́ wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo máa ń rò ó pé ó dájú pé ọmọ kan á wà nínú Black lọ́jọ́ náà tí inú ẹ̀ ò dùn pé òun ò sí nínú Gold.

Ìlú Wichita fúnra ẹ̀, ìlú bàálù ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe bàálù Cessna, Beech, Learjet nígbà yẹn, kódà pápá tí Shockers ti ń gbá bọ́ọ̀lù, Cessna Stadium ni wọ́n ń pè é. Ìlú tí ọmọ ilé kejì, àbúrò bàbá, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ bàálù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wá gbé àwọn ọmọ wọn sínú bàálù tó ti gbó, tí ẹni tó jókòó sí àga òsì nínú ẹ̀ ò sì ní láísẹ́ǹsì láti jẹ́ kápútẹ́ẹ̀nì irú bàálù yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú Gold, àga òsì níbi tí kápútẹ́ẹ̀nì máa ń jókòó sí, ọ̀gá iléeṣẹ́ tó pèsè àwọn páílọ́ọ̀tì ló jókòó síbẹ̀, òun ló ń wà á. Ẹni tó ní láísẹ́ǹsì Martin 404 gangan, tó jẹ́ kápútẹ́ẹ̀nì nínú ìwé, àga ọ̀tún ló wà. Ṣé ẹ rí i, abẹ́ ọ̀gá yẹn náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ta ló máa wá sọ fún ta pé ọ̀gá, ibi tẹ́ ẹ gbà yìí ò dáa? Mi ò sí níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n bára wọn sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí mọ bó ṣe máa ń rí.

Ní àárọ̀ Friday, 2 Oṣù Kẹwàá, bàálù méjèèjì gbéra ní Wichita, wọ́n jọ bà sí Denver kí wọ́n rọ epo. Denver nìkan ti ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ní 5,280 ẹsẹ̀ bàtà, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n ṣe ń pè é ní ìlú tó ga ní máìlì kan. Wọ́n rọ epo kún, èèyàn 40 ló wà nínú Gold pẹ̀lú ẹrù wọn àti ẹrù bọ́ọ̀lù, akoto, páàdì, bàtà, gbogbo ẹ̀. Nígbà tí àjọ NTSB, ìyẹn àwọn tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, wá ṣírò ẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n rí i pé ẹrù tó wà nínú Gold nígbà tó ń kúrò ní Denver fi bí 2,600 pọ́n-ùn lé ju èyí tó yẹ kó gbé lọ. Ìyẹn tó 1,200 kílò. Ká ní ìrẹsì ni, àpò ńlá 24 ni wọ́n ṣì tún gbé lé e lórí lẹ́yìn tó ti kún.

Ibi tí ọ̀nà bàálù méjèèjì ti wá pínyà nìyí o. Ètò tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé kí wọ́n forí lé àríwá lọ sápá Laramie ní Wyoming, ibẹ̀ làwọn òkè ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, àyè sì wà láti fi ọ̀nà jíjìn gòkè díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó yà sí ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀nà yẹn ni Black gbà. Ó gùn, kò sí nǹkan kan láti wò níbẹ̀, wọ́n gúnlẹ̀ sí Logan láìséwu.

Àwọn ará Gold, ọ̀gá yẹn ní òun máa gba ọ̀nà tó rẹwà, kí àwọn èrò lè rí ìran wò. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún Denver ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ti 1976, Mount Sniktau sì wà lára ibi tí wọ́n ní wọ́n ti máa ṣe eré sísá lórí yìnyín. Ó fẹ́ fi òkè yẹn hàn wọ́n, àti ibi ìṣeré yìnyín tó wà ní Loveland. Nígbà tí wọ́n wà ní Denver ló wá ra máàpù ọ̀nà yẹn, ohun tó sì sọ lẹ́yìn fún àwọn olùwádìí ni pé òun fẹ́ fi máàpù náà mọ àwọn ibi tó yẹ kóun tọ́ka sí fún àwọn èrò. Ẹ gbọ́ o. Máàpù tí èèyàn ì bá fi wo bí òkè iwájú ṣe ga tó, ti ìran wíwò ló rà á fún. Òlíńpíìkì yẹn gan-an ò sì padà wáyé níbẹ̀, ní 1972 àwọn ará Colorado dìbò pé àwọn ò ṣe, wọ́n gbé e lọ sí Innsbruck.

Bí wọ́n ṣe kúrò ní Denver, wọ́n wọ inú àfonífojì Clear Creek, wọ́n ń tẹ̀ lé títì US 6 lọ, wọ́n kọjá Idaho Springs, wọ́n kọjá Georgetown, wọ́n kọjá Silver Plume. Ìṣòro àfonífojì yẹn ni pé bó o ṣe ń lọ síwájú ni ilẹ̀ ń gòkè, tí àyè sì ń fún. Tó bá yá, ó parí, òkè ńlá tó pín Amẹ́ríkà sí méjì ló wà níwájú gbọnrangandan, ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti gun orí ẹ̀ ní Loveland Pass fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12,000 ẹsẹ̀ bàtà, àwọn òkè tó wà lọ́tùn-ún lósì ẹ̀ tún ga jùyẹn lọ. Bàálù náà ń gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yá jù ú lọ. Lókè yẹn atẹ́gùn ti fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnnì ò lè mí dáadáa, apá bàálù ò rí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹrù sì ti pọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá ti rí mólùwé àtijọ́ tó kó èrò dé ẹnu ọ̀nà tó ń gun òkè Mápó n'Íbàdàn, tó ń kérora, tí kọ̀ńdọ́ ti bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́ láti dá táyà dúró, irú ẹ̀ gan-an ni, àfi pé mólùwé ṣì ní ilẹ̀ lábẹ́ tó lè dúró lé. Àwọn tó wà nílẹ̀ lójú ọ̀nà rí bàálù yìí tó ń kọjá, wọ́n ń wò ó pé kí lèyí ń wá níbí, torí àwọn òkè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ga jù ú lọ.

Nígbà tí wọ́n fi máa rí i pé ọ̀nà ti dí níwájú, àyè tí wọ́n fi máa yí padà ò sí mọ́. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀. Bàálù fara gbá igi lẹ́sẹ̀ òkè Mount Trelease, ó wọ inú igbó náà lọ, aago kan ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Kò sí òjò, kò sí kùrukùru, ẹ́ńjìnnì ò kú.

Lẹ́bàá ibẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń gbẹ́ ihò ọ̀nà gba abẹ́ òkè, Straight Creek Tunnel ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Àwọn yẹn àtàwọn tó ń wakọ̀ kọjá lójú títì ló kọ́kọ́ sá gun òkè lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ díẹ̀ ti rá jáde, iná sì ti gba bàálù, kò pẹ́ tí epo fi bú. Nínú èèyàn 40, àwọn 29 kú lójú ẹsẹ̀, méjì tún kú lẹ́yìn ìyẹn látàrí ojú ọgbẹ́, àpapọ̀ 31. Agbábọ́ọ̀lù 14 ló wà nínú wọn. Kóòṣì Wilson àti ìyàwó ẹ̀ lọ, Katzenmeyer àti ìyàwó ẹ̀ lọ, àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé di aláìníyàá aláìníbàbá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó yè é jẹ́ mẹ́sàn-án, agbábọ́ọ̀lù mẹ́jọ, ẹnì kẹsàn-án sì ni ọ̀gá tó wà ní àga òsì. Kápútẹ́ẹ̀nì tó wà ní àga ọ̀tún kú.

Àwọn ìyá wa á ní orí ló yọ àwọn ará Black. Mi ò bá orí jà o. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká tún rántí pé àwọn tó wà nínú bàálù Black, wọ́n kàn tẹ̀ lé ètò tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé tó yẹ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù yẹn, àwọn Utah State ò lọ sílé. Wọ́n kóra jọ sí pápá wọn, wọ́n ṣe ìsìn ìrántí fún àwọn tí wọ́n ì bá máa bá ta kàn-ǹ-gbọ̀n lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé òdòdó sí àárín pápá.

NTSB ṣèwádìí wọn, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Wọ́n ní ohun tó fa jàǹbá náà ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé bàálù gba inú àfonífojì láàárín òkè níbi tó lọ sílẹ̀ débi pé kò lè gun òkè iwájú kọjá, kò sì lè yí padà. Wọ́n tún fi kún un pé ẹrù pọ̀ jù, pé kò sí ètò kankan tó ṣeé pè ní ètò fún ọ̀nà tí wọ́n gbà láti Denver, pé àwọn tó ń wà á ò mọ ibi tí agbára bàálù yẹn mọ, pé kò sì sí ẹni tó ń bójú tó wọn láti òkè. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń bí mi nínú jù. Torí bí wọ́n ṣe ṣe ìwé àdéhùn ẹ̀, iléeṣẹ́ kan ló ni bàálù, iléeṣẹ́ míì ló kó àwọn páílọ́ọ̀tì wá, fásitì ló háyà. Nígbà tí wàhálà wá dé, tí wọ́n ń bèèrè pé ta gan-an ló yẹ kó rí sí i pé bàálù yìí yẹ lójú òfin, oníkálukú ń nawọ́ sí ẹnì kejì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ẹ̀, ewúrẹ́ tó ní olówó mẹ́ta, ebi ló máa pa á.

Ibi tí ìtàn wọn ti wá gbòòrò lójú mi nìyí. Àwọn ọmọ tó wà nínú Black, àwọn aráa bẹ́ńṣì, àwọn ló wá kù tí wọ́n máa jẹ́ tíìmù. Wọ́n dìbò láàárín ara wọn bóyá káwọn ṣíwọ́ tàbí káwọn máa gbá a lọ, àwọn tó pọ̀ jù lọ ní àwọn máa gbá a. Bob Seaman tó jẹ́ kóòṣì kékeré ni wọ́n fi jẹ kóòṣì àgbà. Láyé ìgbà yẹn, òfin NCAA, ìyẹn àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn fásitì ní Amẹ́ríkà, ò gba àwọn ọmọ ọdún kìíní láyè láti gbá fún tíìmù àgbà fásitì, ìyẹn àwọn tí àwa ń pè ní jámbáìtì, ṣùgbọ́n wọ́n yọ̀ǹda fún Wichita State torí èèyàn ò tó. Second Season ni wọ́n pe ìyókù ọdún yẹn, bí ẹni pé ti tẹ́lẹ̀ ti bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn jàǹbá náà, 24 Oṣù Kẹwàá, ni wọ́n jáde padà, ní Little Rock. Ta ni wọ́n bá? Arkansas, ọ̀kan lára àwọn tíìmù tó gbóná jù ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn. 62 sí òdo. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé oṣù kan sẹ́yìn bẹ́ńṣì ni wọ́n wà, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún, 62 sí òdo, wọ́n sì gbá a títí dé òpin. Wọn ò borí nínú ìkankan ní gbogbo ọdún yẹn, mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá, mẹ́sàn-án ni wọ́n pàdánù. Àwa tá a rántí Zambia mọ irú nǹkan báyìí díẹ̀, lẹ́yìn tí bàálù tíìmù wọn já sínú òkun nítòsí Libreville ní 1993, wọ́n kó àwọn míì jọ, wọ́n sì dé fáínà Áfíríkà lọ́dún kejì ẹ̀, àwa Super Eagles la nà wọ́n 2-1 ní Tunis, Amunike ló gbá méjèèjì wọlé, inú wa dùn, ojú sì ń tì wá díẹ̀. Àmọ́ ti Wichita ò rí bẹ́ẹ̀, kò sí fáínà kankan fún wọn.

Ìgbà tí bàálù Marshall wá já ní Oṣù Kọkànlá, ojú gbogbo ayé yí síbẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Marshall tún tíìmù wọn kọ́, ní 1971 wọ́n na Xavier 15-13 nínú géèmù tí wọ́n kọ́kọ́ gbá nílé, ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn ni wọ́n jẹ àmì tí wọ́n fi borí, ní àwọn ọdún 1990 wọ́n gba ife ńláńlá. Ní ọjọ́ kẹrìnlá Oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún, wọ́n máa ń pa omi ìsun ìrántí tó wà nínú fásitì wọn, ó máa wà ní pípa títí ìgbà òtútù á fi lọ. Ìtàn tó bá ní ìṣẹ́gun nídìí, kì í wọ́n ní ẹni tó máa sọ ọ́. Wichita State ní tiwọn, gbèsè àti àìsí èrò lórí ìjókòó ló fún tíìmù wọn pa, ní 1986 fásitì náà ní àwọn ò ṣe fúbọ́ọ̀lù mọ́, títí dòní wọn ò sì tíì dá a padà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ orúkọ Wichita State báyìí, basketball ni, àwọn tó dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́rin tó kẹ́yìn ní 2013.

Nítorí náà kò sí agbábọ́ọ̀lù tuntun kankan tó máa wọ jẹ́sì wọn, kò sí géèmù tí wọ́n á ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà ni Memorial '70, ibi ìrántí wọn nínú ọgbà fásitì náà, tí wọ́n máa ń gbé òdòdó lọ síbẹ̀ láàárọ̀ 2 Oṣù Kẹwàá lọ́dọọdún. Àwọn ẹbí máa ń wá, àwọn tó jáde láàyè nínú Gold máa ń wá, àwọn ará Black náà máa ń wá, wọ́n ti darúgbó báyìí, àwọn tó ṣì wà láyé nínú wọn ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ní Colorado náà, òkúta ìrántí kan wà lẹ́bàá títì I-70 tó gba ibẹ̀ kọjá báyìí, orúkọ gbogbo àwọn 31 ló wà lára ẹ̀. Èyí tó bá lè gun òkè lára àwọn ẹbí máa ń gùn ún lọ, àwọn páànù bàálù náà ṣì wà láàárín igi lókè níbẹ̀. Ihò ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ń gbẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n parí ẹ̀ ní 1973, wọ́n sọ ọ́ ní Eisenhower Tunnel. Tó o bá wakọ̀ láti Denver, ibi ìrántí yẹn lo máa kọ́kọ́ kọjá, kò ju máìlì méjì kan lọ lẹ́yìn náà tí wàá fi wọ abẹ́ òkè, wàá sì yọ ní òdì kejì.